Ọmọ Mi Fẹ́ Gbá Bọ́ọ̀lù ní West Point: Ọdún Mélòó Ni Yóò Fi Sin Ìjọba?

Ìyá kan tó ń gbé ní Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas, kọ̀wé sí mi báyìí: “Ọmọ mi ọkùnrin, ẹni ọdún 17, ń gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama. Akọ́nimọ̀ọ́gbá kan láti West Point, ilé-ẹ̀kọ́ ológun ti ìjọba, wá bá wa nílé, ó ní àwọn fẹ́ ẹ. Inú bàbá rẹ̀ ń dùn pé a kò ní san kọ́bọ̀. Èmi kò rí oorun sùn. Àwọn kan ní ṣọ́jà ló fẹ́ lọ dà yẹn, pé ọdún mẹ́wàá ni wọn yóò fi dè é mọ́lẹ̀, pé bí ó bá fẹ́ kúrò, àwa òbí ni yóò dá gbogbo owó náà padà. Àwọn mìíràn ní bí ó bá mọ bọ́ọ̀lù gbá dáadáa, NFL, líìgì àwọn tó ń fi bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà jẹun, yóò mú un, ìjọba yóò sì yọ̀ǹda rẹ̀. Èwo ni ká gbà gbọ́? Ṣé kí n jẹ́ kó lọ?”

Ẹ ṣeun, Màmá, tí ẹ béèrè kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé kankan. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló lọ́ mọ́ra nínú lẹ́tà yín: ọ̀rọ̀ owó, ọ̀rọ̀ iye ọdún tí ọmọ yóò fi sin ìjọba, àti ọ̀rọ̀ bóyá bọ́ọ̀lù lè yọ ọ́ kúrò nínú ìsìn náà. Àwọn tó ń gbà yín nímọ̀ràn kò parọ́ tán, wọn kò sì sọ òtítọ́ tán. Oníkálukú mú ẹyọ kan nínú ọ̀rọ̀, ó sì fi ṣe odidi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá àwọn ìdílé Yorùbá ní agbègbè Maryland àti Virginia tọ́jú ìwé ìgbaniwọlé sí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ológun wọ̀nyí. Ohun tí mo rí ni pé àwọn òbí tí wọ́n máa ń kábàámọ̀ lẹ́yìn náà ni àwọn tí wọ́n rò pé bọ́ọ̀lù ni ọmọ àwọn lọ gbá, tí iṣẹ́ ológun sì kàn jẹ́ gbèsè tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí gan-an ni pé iṣẹ́ ológun ni ọmọ lọ kọ́. Bọ́ọ̀lù ló so mọ́ ọn, fún ọdún mẹ́rin péré.

Mẹ́ta ni àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ológun tí orúkọ wọn ń ròkè jù nínú bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ti àwọn yunifásítì. West Point, ní ìpínlẹ̀ New York, ni ti àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀, láti 1802. Annapolis, ní Maryland, ni ti àwọn ọmọ ogun ojú omi, láti 1845. Ti àwọn ọmọ ogun òfurufú, èyí tí òfin dá sílẹ̀ ní 1954, wà ní Colorado Springs. Láti 1890 ni West Point àti Annapolis ti ń kojú ara wọn lórí pápá, láti 1972 sì ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ń du ife ẹ̀yẹ kan náà lọ́dọọdún. Kì í ṣe eré ọmọdé ni wọ́n ń ṣe: ní 2024, ẹgbẹ́ West Point borí nínú ìdíje 12, wọ́n sì gba ipò kìíní nínú líìgì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ lọ́dún náà. Nítorí náà, nígbà tí akọ́nimọ̀ọ́gbá bá sọ pé ọmọ yín yóò gbá bọ́ọ̀lù gidi níbẹ̀, òótọ́ ló sọ.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí owó tí bàbá ọmọ ń yọ̀ sí. Lóòótọ́, ẹ kò ní san owó ilé-ẹ̀kọ́, ẹ kò ní san ti oúnjẹ tàbí ti ibùsùn. Àmọ́ kì í ṣe bọ́ọ̀lù ló fa èyí. Gbogbo ọmọ tó bá wọlé síbẹ̀, ìbáà jẹ́ ẹni tí kò lè ju bọ́ọ̀lù kọjá odò kékeré, ọ̀fẹ́ ni, ìjọba sì tún ń san owó oṣù fún un, èyí tí òfin fi sí ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù ọ́físà tuntun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ń yọ owó aṣọ, ìwé àti kọ̀ǹpútà nínú rẹ̀. Ohun tó tẹ̀ lé èyí dára púpọ̀ fún òbí, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ kì í rí i: kò sí akọ́nimọ̀ọ́gbá tó lè gba ààyè ọmọ yín lọ́wọ́ rẹ̀. Ní yunifásítì lásán, bí ẹgbẹ́ kò bá nílò ọmọ mọ́, ó lè rí i pé owó tó ń gbé e dúró ti fẹ́ yẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ní West Point, bí ó bá fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ lọ́dún kejì nítorí pé ìwé wọ̀ ọ́ lọ́rùn, kádẹ́ẹ̀tì, ìyẹn akẹ́kọ̀ọ́ ológun, ni síbẹ̀, ọ̀fẹ́ rẹ̀ kò sì yí padà. Ibi tí mo ní láti kìlọ̀ ni ọ̀ràn ìpalára. Bí orúnkún tàbí èjìká rẹ̀ bá bàjẹ́ débi pé àwọn dókítà ológun sọ pé kò lè ṣe iṣẹ́ ọ́físà, ó lè parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ kí wọ́n má sì fún un ní ipò ọ́físà rárá. Bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà sì ni, eré tí wọ́n fi ara kọlu ara.

Owó mìíràn tún wà tí ọmọ yín yóò pàdánù, ó sì yẹ kí bàbá rẹ̀ mọ̀ ọ́n. Láti 2021 ni wọ́n ti gba àwọn eléré ìdárayá ti yunifásítì láyè láti máa fi orúkọ àti àwòrán wọn pa owó, láti 2025 sì ni àwọn yunifásítì ńlá ti ń san owó fún wọn tààrà. Kádẹ́ẹ̀tì kì í sí nínú èyí, nítorí pé òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni òfin kà á sí. Bí yunifásítì ńlá mìíràn bá ti ń pe ọmọ yín pẹ̀lú owó lọ́wọ́, ẹ gbé e sórí ìwọ̀n láìtijú. Kì í ṣe ojúkòkòrò láti béèrè.

Ohun kejì tí mo fẹ́ tú ni pé akọ́nimọ̀ọ́gbá kì í gba ọmọ wọlé. Ó lè fẹ́ ẹ, ó lè bá a sọ ọ̀rọ̀ rere níwájú ìgbìmọ̀ ìgbaniwọlé, ṣùgbọ́n òfin béèrè pé kí ẹni tó ń wọlé ti pé ọmọ ọdún 17 ó kéré tán, kí ó jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, kí ó má tíì gbéyàwó, kí ó má sì ní ọmọ tó ń bọ́. Gíríìn káàdì kò tó. Bí ọmọ yín bá jẹ́ ọmọ Nàìjíríà àti ti Amẹ́ríkà pọ̀, ìyẹn kò dí i lọ́nà, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó fún un ní ipò, wọn yóò ṣe ìwádìí lórí rẹ̀ nítorí àṣírí ìjọba, wọn yóò sì béèrè nípa àwọn ẹbí tó wà nílé lọ́hùn-ún. Kí ó sọ òtítọ́, kí ó má fi bàbá àgbà kankan pamọ́. Ó tún gbọ́dọ̀ yege nínú àyẹ̀wò ìlera àti ìdánwò agbára ara. Lẹ́yìn náà, ó nílò kí ẹnìkan tí òfin fún ní àṣẹ dárúkọ rẹ̀. Àwọn tó wọ́pọ̀ jù ni aṣòfin tó ń ṣojú àgbègbè yín, àwọn sẹ́nẹ́tọ̀ méjèèjì ti Texas, àti igbákejì Ààrẹ. Aṣòfin kọ̀ọ̀kan kò lè ní ju ọmọ márùn-ún lọ nínú ilé-ẹ̀kọ́ kan lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà ààyè kò pọ̀.

Wàyí o, ìsìn náà. Ọdún mẹ́rin ni ẹ̀kọ́. Ọjọ́ tí ó bá parí, wọn yóò fi í ṣe ọ́físà, kì í ṣe ṣọ́jà tó bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, yóò sì sin ìjọba fún ọdún márùn-ún gbáko lẹ́nu iṣẹ́. Àpapọ̀ àdéhùn náà jẹ́ ọdún mẹ́jọ, nítorí náà bí ó bá kúrò lẹ́yìn márùn-ún, yóò wà lára àwọn tí wọ́n lè pè padà fún mẹ́ta tó kù. Ibo wá ni ọdún mẹ́wàá tí ẹ gbọ́ ti wá? Ó ṣeé ṣe kí ó wá láti ọ̀nà méjì. Lọ́nà kìíní, awakọ̀ òfurufú ní ti àwọn ọmọ ogun òfurufú máa ń jẹ ìjọba ní ọdún mẹ́wàá láti ọjọ́ tí ó bá ti parí ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ rẹ̀. Ìfẹ́ inú ọmọ ni ìyẹn, kò sì ṣe é lọ́ranyàn fún ẹnikẹ́ni. Lọ́nà kejì, ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n mú nítorí bọ́ọ̀lù ni wọ́n kọ́kọ́ ń rán lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ìmúrasílẹ̀ fún ọdún kan, kí ìwé wọn lè gún régé. Ti West Point wà nínú ọgbà kan náà. Ọdún kan, mẹ́rin, àti márùn-ún, ó di mẹ́wàá. Bí ọmọ yín bá gba ọ̀nà yẹn, nǹkan bí ọmọ ọdún 28 ni yóò jẹ́ kí ó tó lè sọ pé òun ti dá ara òun sílẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá náà tààrà bóyá tààrà ni wọ́n ń mú un wọlé tàbí ilé-ẹ̀kọ́ ìmúrasílẹ̀ ni wọ́n ní lọ́kàn, nítorí ìgbà mìíràn wà tí wọn kì í tètè sọ ọ́.

Ní ti ẹ̀rù pé ẹ̀yin ni yóò dá owó padà, ọjọ́ kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ kọ sára ògiri. Ọmọ tó bá kúrò kí ọdún kẹta ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, kò jẹ ẹnikẹ́ni ní ohunkóhun. Kò sí owó, kò sí ìsìn. Ó lè gba yunifásítì mìíràn lọ kí ó sì máa gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀ níbẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún kẹta ni àwọn kádẹ́ẹ̀tì ń búra pé àwọn yóò parí ẹ̀kọ́, àwọn yóò sì sin ìjọba. Ní Annapolis, “ọdún méjì fún méje” ni wọ́n ń pè é, nítorí ẹni tó ti lo ọdún méjì ló ń fọwọ́ sí méje mìíràn. Lẹ́yìn ìbúra yẹn, bí ó bá kúrò, tàbí bí wọ́n bá lé e nítorí ìwà tàbí ìwé, ìjọba lè pè é sínú iṣẹ́ ológun gẹ́gẹ́ bí ṣọ́jà kékeré fún ọdún mélòó kan, tàbí kí wọ́n ní kí ó san iye tí wọ́n ná lórí rẹ̀ padà. Òun ni wọn yóò bi, kì í ṣe ẹ̀yin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a mọ̀ pé gbèsè ọmọ kì í jìnnà sí ilẹ̀kùn ìyá rẹ̀. Ọdún méjì yẹn jẹ́ àánú ńlá tí òfin fi sílẹ̀ fún ọmọ tí kò tíì mọ ara rẹ̀ ní ọmọ ọdún 18. Ṣùgbọ́n èmi kì í gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti wọlé pẹ̀lú èrò pé òun yóò jẹ ọdún méjì ọ̀fẹ́ kí òun sì sálọ. Ọmọ mìíràn wà tí ìfẹ́ ọkàn rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ náà gan-an, ààyè rẹ̀ sì ni ẹni yẹn gbà.

Orí NFL ni àlá ti pọ̀ jù. Ẹni tí gbogbo ènìyàn máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ ni Roger Staubach, ọmọ Annapolis tó gba ẹ̀bùn Heisman, ẹ̀bùn tó ga jù nínú bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ti yunifásítì, ní 1963. Dallas Cowboys, ẹgbẹ́ kan nínú NFL, yàn án ní 1964, ṣùgbọ́n ó kọ́kọ́ lo ọdún mẹ́rin lẹ́nu iṣẹ́ ológun, ó sì lo apá kan nínú rẹ̀ ní Vietnam. Ọmọ ọdún 27 ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Cowboys ní 1969, ó sì gba Super Bowl, ife ẹ̀yẹ àṣekágbá NFL, lẹ́ẹ̀mejì lẹ́yìn náà. Inú bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n, David Robinson, tí San Antonio Spurs fi ṣe ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n yàn ní 1987, lo ọdún méjì nínú iṣẹ́ ojú omi kí ó tó bá wọn gbá bọ́ọ̀lù. Ó ti ga jù fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́ inú ọkọ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi dín ọdún rẹ̀ kù. Alejandro Villanueva parí ní West Point ní 2010, ó lọ sí Afghanistan lẹ́ẹ̀mẹta, kí ó tó di ògbóǹtarìgì pẹ̀lú Pittsburgh Steelers. Ẹ ṣàkíyèsí pé nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí ẹni tí bọ́ọ̀lù yọ kúrò nínú ìsìn. Wọ́n sìn, wọ́n sì padà wá.

Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ yìí ṣòroó fi ọkàn tán ni pé òfin rẹ̀ ń yí padà bí àwọn aláṣẹ ṣe ń yí padà. Ní 2008, Detroit Lions yan Caleb Campbell láti West Point lórí ìlérí pé yóò máa gbá bọ́ọ̀lù kí ó sì máa ṣe iṣẹ́ ológun díẹ̀díẹ̀. Ìgbà tí ìgbaradì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n yí ìlànà padà, tí wọ́n sì ní kí ó wá sin ìjọba lákọ̀ọ́kọ́. Ní 2016, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn fún irú àwọn bí Keenan Reynolds ti Annapolis, ẹni tí Baltimore Ravens yàn lọ́dún náà. Ní 2017, mínísítà ètò ààbò tuntun, James Mattis, ti ilẹ̀kùn náà, ó ní ó kéré tán ọdún méjì ni kí wọ́n kọ́kọ́ sìn. Ní 2019, lábẹ́ Ààrẹ Trump, wọ́n tún ṣí i, wọ́n ní mínísítà lè gbà kí eléré ìdárayá sún ìsìn rẹ̀ síwájú. Ní oṣù Kejìlá 2022, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin wá kọ ọ́ sínú òfin pé kí ó kọ́kọ́ sìn kí ó tó lè lọ gbá bọ́ọ̀lù fún owó. Andre Carter, tí wọ́n ti ń retí pé NFL yóò yàn láti West Point, fẹ́rẹ̀ẹ́ há sí àárín rẹ̀, àfi ìgbà tí wọ́n yọ àwọn tó ti wọlé kí oṣù Kẹfà 2021 tó dé sílẹ̀ nínú òfin náà. Minnesota Vikings ló gbà á ní 2023. Ẹ wò ó bí ìlànà ṣe yí padà lẹ́ẹ̀márùn-ún láàárín ọdún mẹ́rìnlá. Ọmọ yín yóò lo ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún kí ọ̀rọ̀ náà tó kàn án. Èmi kì í ṣe agbẹjọ́rò, kò sì sí akọ́nimọ̀ọ́gbá kankan tó lè fọwọ́ sọ̀yà lórí ohun tí òfin yóò jẹ́ lọ́jọ́ náà. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣèlérí rẹ̀ fún yín, ẹ ní kí ó kọ ọ́ sínú ìwé, yóò dákẹ́.

Yàtọ̀ sí òfin, àwọn tí NFL ń mú láti àwọn ilé-ẹ̀kọ́ yìí kò pọ̀, kì í sì ṣe pé wọn kò mọ̀ ọ́n gbá. Ọmọ ogun gbọ́dọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ níwọ̀n, ó gbọ́dọ̀ lè sáré, nítorí náà àwọn tó ń dúró ní iwájú ìlà kì í sanra tó àwọn ojúgbà wọn ní yunifásítì mìíràn. Nítorí pé wọ́n kéré, eré sísá mọ́ bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ni wọ́n ti gbájú mọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ ju bọ́ọ̀lù sókè. Ọmọ tó ń gba bọ́ọ̀lù tí wọ́n jù lè má rí àyè fi ohun tó mọ̀ hàn. Àwọn tó sì sanra fún iwájú ìlà, lẹ́yìn ìdíje ìkẹyìn wọn, gbọ́dọ̀ fọn ara wọn kù kí wọ́n tó lè gba ipò ọ́físà.

Ẹ̀rù tí ẹ kò dárúkọ nínú lẹ́tà yín, ṣùgbọ́n tí mo gbọ́ nínú rẹ̀, ni ogun. N kò ní fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Don Holleder, tó jẹ́ ìràwọ̀ bọ́ọ̀lù ní West Point ní àárín ọdún 1950 sí 1959, kú sí Vietnam ní 1967. Bọ́ọ̀lù kò dá ààbò bo ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ ọ́físà ń parí ọdún márùn-ún wọn láìgbọ́ ìró ìbọn ọ̀tá, àwọn mìíràn ń ṣe iṣẹ́ ẹ̀rọ, iṣẹ́ ìpèsè tàbí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n ìjọba ni yóò pinnu ibi tí yóò lọ, kì í ṣe òun, kì í sì í ṣe ẹ̀yin. Bí ẹ kò bá lè gbà bẹ́ẹ̀ nínú ọkàn yín, ó yẹ kí ẹ sọ fún ọmọ yín nísinsìnyí, kì í ṣe lẹ́yìn tí ó bá ti wọ aṣọ.

Ìgbésí ayé ibẹ̀ náà kò rọrùn. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn, kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, wọn yóò kó wọn lọ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ṣọ́jà, wọn yóò gé irun wọn, wọn yóò gba fóònù lọ́wọ́ wọn. Gbogbo ọmọ ló ń gba oyè sáyẹ́ǹsì, pẹ̀lú ìṣirò àti ẹ̀kọ́ ẹ̀rọ tó pọ̀, ìbáà tilẹ̀ jẹ́ ìtàn ló ń kọ́. Òfin ọmọlúàbí wọn ni pé kádẹ́ẹ̀tì kò gbọdọ̀ parọ́, kò gbọdọ̀ jíwèé wò, kò gbọdọ̀ jalè, kò sì gbọdọ̀ bo ẹni tó ṣe é mọ́lẹ̀. Ní 1951, nǹkan bí 90 kádẹ́ẹ̀tì ni wọ́n lé kúrò ní West Point nítorí ìwà jìbìtì nínú ìdánwò, púpọ̀ nínú wọn jẹ́ agbábọ́ọ̀lù, ọmọ akọ́nimọ̀ọ́gbá àgbà fúnra rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Wọn kò wo ojú bọ́ọ̀lù.

Ṣé kí ó lọ? Èrò tèmi ni pé kí ẹ yọ bọ́ọ̀lù kúrò nínú ìbéèrè náà. Ẹ bi ọmọ yín, ní ìgbà tí bàbá rẹ̀ kò sí níbẹ̀, pé bí orúnkún rẹ̀ bá bàjẹ́ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí kò sì lè gbá bọ́ọ̀lù mọ́ láéláé, ṣé yóò ṣì fẹ́ dúró? Bí ó bá sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, tí ó sì lè sọ ìdí rẹ̀, ẹ jẹ́ kó lọ pẹ̀lú àdúrà, nítorí pé ní ọmọ ọdún 28, ẹni tó ti darí ènìyàn tí kò sì jẹ gbèsè kì í wá iṣẹ́ tì. Bí ó bá ṣiyèméjì, ọ̀nà mìíràn wà. Ètò ROTC, tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ yunifásítì ní iṣẹ́ ọ́físà ológun, ń bẹ ní ọ̀pọ̀ yunifásítì, ó ń san owó ilé-ẹ̀kọ́ fún ọmọ tó bá yege. Ìsìn wà níbẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ìgbésí ayé ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ lásán ni yóò máa gbé fún ọdún mẹ́rin. Bí bọ́ọ̀lù bá sì jẹ́ ohun tó fẹ́ jù lọ láyé, kí ó gba yunifásítì tó fẹ́ ẹ nítorí bọ́ọ̀lù, kí ó fi ìwé sí i, kí ẹ sì ka ohun tí wọ́n kọ nípa owó náà ní àkàtúnkà.

Bí ó bá jẹ́ West Point ni, ẹ lọ síbẹ̀ kí ẹ fi ojú ara yín rí i, kí ẹ sì béèrè láti bá kádẹ́ẹ̀tì ọdún kẹrin kan tó ń gbá bọ́ọ̀lù sọ̀rọ̀ láìsí akọ́nimọ̀ọ́gbá nítòsí. Kí ọmọ bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà sí ọ́fíìsì aṣòfin àti àwọn sẹ́nẹ́tọ̀ yín láìfi falẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ wọn ń ti gbígba ìwé pa kí ọdún tó parí. Kí òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ o, kí ẹ má bá a kọ ọ́, nítorí òun ni wọn yóò pè fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, òun sì ni wọn yóò bi léèrè ìdí tó fi fẹ́ jẹ́ ọ́físà.